Ọ̀rọ̀ Kẹrìnlá

Oṣù Ògún ni, òjò ti dá díẹ̀ ní Ìpẹrù,
nígbà tí Moróunmúbọ̀ dé láti Mańṣẹ́sítà
pẹ̀lú àpótí pupa kan àti ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rìnlá.
A kà wọ́n nínú ọkọ̀, láti Ṣágámù títí dé ẹnu ọ̀nà:
mẹ́tàlá jẹ́ oúnjẹ àti ìkíni.
Ìkẹrìnlá ni fọ́.

Bọ́sẹ̀dé ìyá rẹ̀ ló fi kọ́ ọ:
"Ohun tí wọ́n ń pè ní búrẹ́ẹ̀kì níbí, fọ́ là ń pè é nílé."
Èmi, búrẹ́ẹ̀kì tí mo mọ̀ kò ju èyí tí awakọ̀ ń tẹ̀ lọ;
ìyẹn pàápàá, jíjá ló ń já, kì í fọ́.

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.
"Bàbá àgbà, ó fọ́."
Mo ní o káre.
Ọ̀pá tó fi ń já ìbẹ́pẹ: "Ó fọ́."
Ó kán, ọmọ mi.
Okùn kànga: "Ó fọ́."
Ó já.
Eyín rẹ̀ tó ń mì tẹ́lẹ̀ yọ sínú oúnjẹ alẹ́.
Kò sunkún. Ó bi mí,
kí ló fọ́ nínú ìfọ́kọrẹ́?
Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti ń jẹ ẹ́,
n kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣa obì.
"Ojúmọ́ fọ́," ló wí,
mo rẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù.
Ojúmọ́ a máa mọ́ ni.
Ààwẹ̀, a máa ń ṣínu.
Òfin, wọ́n ń rú u; ìlérí, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́;
owó ńlá, à ń ṣẹ́ ẹ;
obì tó wà lọ́wọ́ mi yìí, pípa là ń pa á.
Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ahọ́n rẹ̀ yọ ní àlàfo eyín.
"Ta ló ní kí ẹ pọ̀ tó báyìí?"

Mo mú un lọ sí Sábó, sọ́dọ̀ Mọ́làmù Gàrúbà,
tó ti ń ra gbàǹjà lọ́wọ́ mi láti ọgbọ̀n ọdún.
Ó yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì.
"Kárìyà ni ti igi. Fásà ni ti ìkòkò. Sínkè ni ti okùn.
Ọ̀kan ṣoṣo ni Òyìnbó ń ná lórí gbogbo wọn?
Ha! Wọ́n háwọ́ o."

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpadàlọ rẹ̀, kò sí iná.
Láti abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni mo ti gbọ́ ọ:
"Bàbá àgbà, ilé wa fọ́."
Mo ti la ẹnu láti tún un ṣe.
"Dádì ti kó lọ. Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún yín."

Abájọ tí iṣẹ́ fi ń pọ̀ fún Bọ́sẹ̀dé
ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè é.

Tú là ń sọ. Ilé tú.
Ohun tó tú ṣe é dì padà,
èyí tó já ṣe é so, bí ojú ìdè tilẹ̀ hàn,
eegun tó kán, mo mọ ẹni tó ń tò ó ní Odè.
Fọ́ ni kò ní àtúnṣe kankan lẹ́yìn.
Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì.
Òun ló gbé inú ilé yẹn, èmi kọ́.

Mo ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀.
A ó jọ máa wò ó."
Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ pẹ́ńsù mọ́ ìwé,
ẹnu pẹ́ńsù kò gbà.
"Ó kán," ló wí, ó nà án sí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀bẹ nínú òkùnkùn.