Ilé Olódi Tí Kò Rí Ogun Rí

Igba ó lé mọ́kànlá ni àtẹ̀gùn Òkè Vela.
Bàbá mi ń kà wọ́n sókè, bí ẹni ń ka gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́.
Ní ìkejìdínlọ́gọ́rin, ó jókòó.
Ó ní kò rẹ òun, ó ní bàtà ni kò gbọ́ràn.
Mo ṣe bí ẹni ń wo igi páìnì,
mo jẹ́ kí bàtà náà sinmi.

Oṣù Kẹjọ ni. Gbogbo àwa tí a bá iṣẹ́ lọ sí Faransé
ti padà wá sí abúlé nínú mọ́tò tí a kò tíì san tán,
àwọn ọmọ wa ń pariwo ní èdè tí àwọn ìyá àgbà kò gbọ́.
Lábẹ́ igi, nídìí tábìlì olókùúta, ẹnìkan ń yan sadíìnì;
èéfín rẹ̀ gba ọ̀nà tí à ń gbà,
ó sì ṣáájú wa dókè.

Ilé olódi ọ̀hún kò ju ilé ẹyẹlé tó sanra lọ.
Ilé-ìṣọ́ mẹ́rin, ọ̀kan ti gé lórí.
Ihò ọfà wà lára ògiri, ọfà kankan kò gba ibẹ̀ kọjá rí,
àfi alápàáǹdẹ̀dẹ̀.
Evaristo tó rí owó ní Bràsíl ló kọ́ ọ,
ó ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀
pé láti ojú fèrèsé ni yóò ti máa wo òkun.
Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbé òkúta.
Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, obìnrin náà gòkè,
ó wò títí, ó na ọrùn, ó tún wò:
òkè mìíràn ló dènà òkun.
Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Wọ́n ní kò débẹ̀ mọ́.

"Èmi ni mò ń pọn omi," ni bàbá mi wí.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, garawa méjì.
Búrẹ́dì àgbàdo kan ni owó ọ̀sẹ̀,
pẹ̀lú wáìnì díẹ̀ tí wọ́n bu omi là,
omi tí òun fúnra rẹ̀ pọn.
"Lọ́jọ́ ìṣílé, ta ni yóò pe apọnmi?"

Ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri níhà ìwọ̀ oòrùn,
ó ń wá nǹkan tí kò sọ fún mi.
Zulmira ti fi ìṣó kọ orúkọ síbẹ̀,
òun àti ẹnìkan tí wọ́n ti ha tirẹ̀ dànù.
Àwọn kan ti tọ̀ sí kọ̀rọ̀.
Noémie, ọmọ mi, béèrè ọba tó gbé ibẹ̀.
Bàbá fèsì ní Pọtogí, èmi ni mo túmọ̀:
"Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ló pẹ́ níbẹ̀ jù."

Lẹ́yìn náà, ó dúró.
Láàárín òkúta méjì, ihò róbótó kan,
kò tó ojú ẹja.
"Bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ni mo tẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù,
kí n lè máa mọ ibi tí tèmi wà.
Ìyá mi nà mí nítorí bọ́tìnnì yẹn,
ó nà mí bí ẹni pé mo ta ilẹ̀."
Bọ́tìnnì ti lọ. Ó ti ìka ọmọdínrín bọ ihò náà, kò wọlé.
Èèrà kan jáde, ó wò wá,
ó padà sílé rẹ̀.

A jókòó sórí odi, a wo odò, a wo òrùlé pupa,
a wo ilé mi tí mò ń kọ́ láti ọdún mọ́kànlá,
fèrèsé rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, gbogbo rẹ̀ ní títì.
"Láti ibẹ̀ ńkọ́," bàbá bi mí, "kí lo máa ń rí?"
Mo ní mi ò tíì jókòó níbẹ̀ tó láti mọ̀.
Kò sọ nǹkan kan. Ó gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, Noémie ló ń kà, ní Faransé,
bàbá ń kà tẹ̀lé e ní Pọtogí, ó ń ṣì í kà.
Nígbà tí a dé ìkejìdínlọ́gọ́rin,
bàtà tèmi ni kò gbọ́ràn mọ́.