Ojú Ewé Kọkànlélógójì

Ìwé bàbá mi wà lórí pẹpẹ,
ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù tí òjò pa.
Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa nígbà kan rí;
oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ti sọ ọ́ di àwọ̀ èèpo ẹ̀pà.

Fọ́ọ̀mù tú ni mo wà tí mo kọ́kọ́ ṣí i,
ní Òkè Ẹ̀lẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà tó ń rú èéfín.
Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn,
yìnyín bo ilẹ̀, ẹṣin rẹ̀ ń sá.
Orúkọ mẹ́rin ni ọkùnrin náà ń jẹ́:
bí ìyá rẹ̀ bá pè é, ọ̀tọ̀,
bí ọ̀gá rẹ̀ bá pè é, ọ̀tọ̀.
Mo ń kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi
títí n kò fi ríbi ṣe ìṣirò mọ́.
Mo dé ojú ewé kọkànlélógójì, mo sùn.

Kí n má purọ́, kì í ṣe orúkọ ló lé mi.
Àyìnkẹ́ ni mí lẹ́nu ìyá mi àgbà,
Dèbórà nínú rẹ́jísítà,
Síṣítà ní wọ́ọ̀dù, Ìyá Olúdọ̀tun ládùúgbò.
Ta ni kí n wá bá wí nítorí orúkọ?

Mo gbé e lọ sílé ọkọ ní Màsífà.
Ọyẹ́ mú lọ́dún náà, omi inú ìkòkò dì mí léyín,
mo ní bóyá ọyẹ́ á túmọ̀ yìnyín fún mi.
Ètè mi là; ìwé náà kò là yé mi.
Ojú ewé kọkànlélógójì,
ọmọ ké, mo dìde.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra awò tuntun.
Mo ní, ìwé yìí, ó wá ku èmi pẹ̀lú rẹ.
Ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Bàbá mi Olágòkè, tíṣà àgbà,
a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa nawọ́ sí pẹpẹ:
“Ẹni tí kò bá ka èyí parí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà.”
Ó mọ ibi tí ẹṣin ti ń sá lórí,
a máa kà á fún àlejò, ohùn rẹ̀ a máa gbọ̀n.
Oyèdòkun àbúrò mi bi í lọ́jọ́ kan:
“Kí ló wá ṣe ẹṣin náà níkẹyìn?”
Ó gbá a létí. Ó ní, “Lọ ka ìwé rẹ.”

Sátidé tó kọjá, mo ń gbọn eruku.
Ìwé náà bọ́, ó ṣubú, ó ṣí.
Láti ojú ewé kẹrìnlélọ́gọ́ta títí dópin,
etí àwọn ewé ṣì wà ní kíká
bí wọ́n ṣe ti ilé ìtẹ̀wé bọ̀;
ọ̀bẹ kankan kò kàn wọ́n rí.
Rìsíìtì kan ló fi sàmì síbẹ̀:
àpò sìmẹ́ǹtì méjìdínlógún,
ìpìlẹ̀ ilé Òkè Ẹ̀lẹ́rin,
ọdún tí wọ́n bí mi.

Ojú ewé mẹ́tàlélógún péré ló fi jù mí lọ.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ẹ̀rín tán, omi kò tán.

Mo pe Oyèdòkun ní Ìlọrin, mo sọ fún un.
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.
Ó ní, “Ẹṣin yẹn ńkọ́?”

Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ máńgòrò,
mo fi kan etí ewé.
Mo gbé e kúrò.
Àwọn àgbà ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀;
èmi ti sọ̀kalẹ̀ ní tèmi.

Mo ní, “Àbúrò mi, ó ṣì ń sá.
Yìnyín ṣì bo ilẹ̀,
kò sì tíì sẹ́ni tó dá a dúró.”