Eyín Mọ́kàndínlógójì Lórí Mẹ́jọ

Torfi fi ẹfun kọ òǹkà sẹ́yìn ilẹ̀kùn gáráàjì rẹ̀,
ilẹ̀kùn tí bàbá mi máa ń fara tì
nígbà tó ṣì ń gun orí yìnyín lọ wá àgùntàn tó ṣáko.
"Hallbera," ó ní, "ta ló sọ fún ọ
pé ẹsẹ̀ ńlá ní í rìn jìnnà?"

Ìnṣì mẹ́rìnlélógójì ni mo fẹ́.
Mo ti rí i lábẹ́ jíìpù àwọn ará Akureyri,
ó dúró gagara bí ẹni tó jogún òkè.
Mo fẹ́ ẹ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ bàtà àgbà,
tí ẹsẹ̀ ń jó nínú rẹ̀
tó sì ń pe ara rẹ̀ ní géńdé.

Ọkọ̀ bàbá mi kò mọ eré sísá.
Dísù ni. Ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ wà,
ó ń kùn bí àgbà tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.
Agbára rẹ̀ kò sí lókè níbi ariwo;
ẹni tó bá ń kánjú kò lè bá a níbẹ̀.

"Táyà ńlá a máa jí agbára jíà jẹ," Torfi wí.
"Ìyípo kan á gbé ọ jìnnà, òótọ́ ni.
Ta ni yóò gbé ìyípo náà?
Eyín mọ́kànlélógójì lórí mẹ́wàá ló wà nínú dífù yìí,
táyà ìnṣì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ṣe é fún.
Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́."

Etí mi di.
Mo yá táyà Steinar. Mo gé irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀
kó lè ráàyè wọlé.
Ní ìdajì òkè Grákollur, jíà kìn-ín-ní,
kílọ́ọ̀ṣì ń rùn bí irun tó jóná,
ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́.
Mo ń yọ̀ padà sẹ́yìn, sẹ́yìn,
títí àpáta kan fi gbà mí.
Wákàtí mẹ́rin ni mo fi rìn délé nínú afẹ́fẹ́.
Skuggi ajá mi ṣáájú, kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan,
bí ẹni pé kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ló ni òun.

Torfi kò rẹ́rìn-ín. Ó bu kọfí fún mi.
Ó tú dífù, ó da òróró dúdú inú rẹ̀ sínú ike,
ó fi jíà kékeré tuntun sí mi lọ́wọ́. Ó tutù, ó wúwo.
Mo ka eyín rẹ̀
bí wọ́n ṣe ń ka eyín ẹṣin kí wọ́n tó sanwó:
mẹ́jọ. Ti ńlá, mọ́kàndínlógójì.
"Táyà méjìdínlógójì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó ṣì kù díẹ̀ kí ó tó agbára ìjọ́sí.
Jẹ́ kó kù.
Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ fún òkè,
kí lo máa gbé ọmọ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé?
Ẹ́ńjìnnì á máa ké, epo á máa tán,
ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín nínú ọkọ̀."

Oṣù Kẹta. Etí òkè yìnyín.
Mo kúnlẹ̀ ti táyà kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kó mí jáde
títí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n fi dúró lórí mẹ́ta.
Ó tẹ́ ikùn lé yìnyín bí ajá tó rẹ̀.
Jíà kejì. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì.

Ó ń kùn.
Ó ń kùn, ó ń lọ, kò bínú sí ẹnikẹ́ni.
Mo wo ipa wa nínú dígí:
ó fẹ̀, kò jìn.

Òǹkà náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Torfi.
Gbèsè mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹfun kan náà,
ó sì ti fi ilà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.