Sún Díẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo fi lu òǹtẹ̀
ní pósítọ́fíìsì Ṣàgámù:
gbì! lórí lẹ́tà ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù,
gbì! lórí káàdì ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ re Kánádà tí kò wẹ̀yìn.
Mo mọ orúkọ ìlú káàkiri ayé
bí ẹni mọ orúkọ ọbẹ̀ tí kò tọ́ ọ wò rí.

Bánjókòó ni wọ́n ń pe ọkọ mi.
Kò bá mi jókòó mọ́.
Nígbà tí a sin ín tán, tí àga di méjì fún ìdí kan ṣoṣo,
mo kó owó ìfẹ̀yìntì mi, mo lọ gba ìwé ìrìnnà,
ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin.
Àbúrò mi Ṣówándé ṣí fìlà, ó fi lu orúnkún:
"Àǹtí, Ìjẹ̀bú wo ló ń fowó ra afẹ́fẹ́?"
Mo ní, "Rẹ́mọ ni mí."

Kóńgò gaàrí mẹ́fà ni mo dì sí báàgì,
gaàrí wa tó kan, tó gbẹ, tó ń ké láàrin eyín.

N kò ní purọ́. Oṣù kìíní, ẹkún ni.
Ní Sẹ̀túbà, nílẹ̀ Potogí, mo jókòó sídìí fèrèsé
mò ń ka òrùlé bí ẹni ń ka ọjọ́ ọ̀fọ̀.
Ta ló rán mi?
Ẹyẹ òkun pàápàá lẹ́gbẹ́.

Ó di Ìsímírì, nínú ọkọ̀ ojú omi ìrọ̀lẹ́,
òtútù mú mi wọ eegun. Èrò kún. Mo di irin mú.
Obìnrin kan tó dàgbà jù mí lọ
wo ẹsẹ̀ mi, kò wo awọ mi,
ó sì sún.
Ó fọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀, pá, pá,
bí ìyá mi ti í ṣe lórí ẹní.
Ìdajì ìborùn rẹ̀ bọ́ sórí orúnkún mi.
Ó nàka sí àyà: Mẹ́láhàtì.
Mo nàka sí tèmi: Efúnwùmí.
Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́,
a rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni mo lò nílé rẹ̀.
Obìnrin márùn-ún ń wá sídìí tíì rẹ̀:
opó mẹ́ta, ẹnìkan tí kò lọ́kọ rí,
àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.
Mo bomi sí gaàrí fún wọn.
Ọ̀kan fajú ro, ó kan jù.
Opó kejì gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fá a mọ́ fínnífínní.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé.
Mo relé.
Màkún wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀,
bẹ́ńṣì Bánjókòó níwájú ilé,
Ìsìyákù lábẹ́ igi ọ̀dán,
ó ń fewé di obì sínú apẹ̀rẹ̀ fún ọkọ̀ Kánò.
Ọdún mọ́kànlá ló ti ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yẹn,
ọdún mọ́kànlá tí mò ń ju "ẹ kú iṣẹ́" sí i
bí ẹni ń ju kọ́bọ̀.
N kò mọ̀ pé ó níyàwó.
N kò mọ̀ pé ìyàwó náà ti kú.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé, oòrùn ń wọ̀.
Mo wo búlọ́ọ̀kù rẹ̀.
Mo sún.
Mo fọwọ́ gbá bẹ́ńṣì, pá, pá.
Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń pè.
Ó bọ́ bàtà kó tó jókòó,
bí ẹni ń wọlé.

Lónìí mo kọ lẹ́tà sí Mẹ́láhàtì,
mo fẹsẹ̀ ara mi gbé e dé pósítọ́fíìsì.
Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ rọra fi òǹtẹ̀ kan ìwé
bí ẹni ń fọwọ́ kan egbò.
Mo ní, ọmọ mi,
sún díẹ̀.
Gbì!