Ṣé Ológìnní Wà Nínú Ilé Yìí?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń gbé kiri láti oṣù Bélú,
láti Òkè-Fìà dé Ìgbọ̀nà, lórí kẹ̀kẹ́ tí séènì rẹ̀ ń já,
okùn ajá lọ́wọ́ òsì:
"Ẹ kúulé o. Ṣé ológìnní wà nínú ilé yìí?"

Ajá mẹ́fà ni mo kó sẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ojú irin tó ti dípẹtà.
Márùn-ún ti rílé gbé. Tiwọn ò ṣòro:
ajá tó lè jẹ ẹ̀bà àjẹkù, tó sì lè gbó mọ́ olè,
ta ni ò ní gbà á ní Òṣogbo?
Ó ku Wọ́n-ń-wòmí.

Mo rà á lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bọ irin wọn.
Okùn ti wà lọ́rùn rẹ̀, epo pupa ti wà nílẹ̀.
Ọ̀gá wọn ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní,
"Ògún á gba àkùkọ lọ́dún yìí.
Ṣùgbọ́n ìwọ Òjélabí, fúnra rẹ ni o ó ṣàlàyé fún un."

Ó fẹ́ràn ọmọdé. Kì í lé adìẹ.
Àgùntàn ń jẹun nínú abọ́ rẹ̀, ó ń wò ó.
Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ológìnní kọjá lórí ògiri,
ojú rẹ̀ á yí, ara rẹ̀ á le bí ọ̀pá,
kò sí orúkọ tí o lè pè é tí yóò dáhùn.
Mi ò mọ ohun tí ológìnní fi ṣe é.
Kò sí bí mo ṣe lè bi í.

Níbo lèèyàn sì ti máa rí ilé tí kò ní ológìnní nílùú yìí?
"Òjélabí, bí músù bá jáde, èkúté á jẹ ìwé-ẹ̀rí ọmọ mi."
Òótọ́ ni. Èkúté ti jẹ tèmi.
Àwọn mìíràn ń purọ́. Ọkùnrin kan ní Dada Ẹsíteètì
fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè: kò sí, kò sí rárá.
Mo wo abẹ́ àga: abọ́ mílíìkì, eegun ẹja mẹ́ta.
Mo wo tìmùtìmù: irun funfun.
Mo kí i, mo fa okùn mi, mo lọ.
Ẹni tó bá lè purọ́ nítorí ajá...
mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa parí òwe yẹn.

Màmá Àrìnpé ní Òkè-Baálẹ̀ kò purọ́.
Opó tíṣà ìṣirò. Ó fọwọ́ ra Wọ́n-ń-wòmí lórí,
ó ní, "Eléyìí mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó tini."
Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí orí àpótí aṣọ:
ológìnní arúgbó, olójú kan, tó sùn sínú fìlà olóògbé.
"Bàbá ló ni ín. Mi ò lè lé e."
"Ẹ má lé e, Mà." A mu omi. Mo padà sílé.

Kí n sọ òtítọ́: láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba iwájú ilé wọn kọjá.
Mi ò gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni kú.
Mo kàn ń wo fèrèsé, bóyá ìrù yẹn ṣì wà níbẹ̀.
Ó wà. Ó wà. Ọyẹ́ dé, ó ṣì wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù dún.
"Ó ti lọ o. Inú fìlà náà ló sùn lọ."
Mo ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Ìtìjú ló ń kẹ́dùn lẹ́nu mi.
"Mú ọ̀rẹ́ rẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì."
Mo mú un lọ. Mo jókòó pẹ́. Mo fún wọn ní okùn.

Láàárọ̀ Sátidé, fóònù tún dún, àyà mi já.
"Ó gbóòórùn fìlà náà. Gbogbo òru ló fi ń kùn sí i."
"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wá mú un."
"Kí o wá mú kí ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
"Àwọn ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bàbá àti ológìnní rẹ̀ tán nílẹ̀.
Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbà pé wọ́n ti lọ nìyí.
Jẹ́ kó máa kùn. A ti di méjì."