Ẹni Tó Kun Rọ́bọ́ọ̀tì Náà

Ní Burbank, nínú yàrá tí òórùn ọ̀dà kún,
Verna Lindqvist tẹ̀ mọ́ ike tó mọ́ gaara,
ó ń kun ojú rọ́bọ́ọ̀tì ní pupa,
ojú kan ṣoṣo, ní ọ̀ọ́dúnrún ìgbà.
Ọmọ ọ̀dọ̀ onírin ni wọ́n pè é nínú àwòrán:
kì í jẹun, kì í sùn, kì í béèrè owó oṣù.
Àṣé ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í rojọ́,
ẹjọ́ ló ń tò jọ.

Ó fọ abọ́ títí abọ́ fi lu.
Ó lọ ṣòkòtò baálé, baálé wà nínú rẹ̀.
Ó gbá ológbò mọ́ ìdọ̀tí,
ó gbá àga, ó gbá ògiri,
ó wá yíjú pupa yẹn sí ìyàwó ilé:
"Ó ku ìwọ."

Ilé sinimá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Verna kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni,
aṣọ ọkọ rẹ̀ ń retí áyọ́ọ̀nù,
abọ́ àná ṣì wà nínú báṣíà.
Ó ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ,
pupa díẹ̀ ṣì há sábẹ́ èékánná rẹ̀,
ó gbé àwo kan sókè, ó wò ó,
ó jẹ́ kó bọ́.
Kì í ṣe èèṣì.