Wákàtí Mẹ́ta

Agogo mélòó ni mo kúrò ní Ẹ̀fọ̀n?
Mẹ́jọ ààbọ̀, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
pákó ìrókò méjìlélógún lẹ́yìn ọkọ̀;
mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹnu ẹni tó ni wọ́n.
Agogo mélòó ni mo dé Arámọkọ?
Ajá ti sùn. Ó ti lé ní agogo méjìlá òru,
ní ọ̀nà tí kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.
Pákó pé. Epo kò dín.
Èmi nìkan ni mo dín.

Ẹ má bi mí bóyá mo mutí.
Ọlọ́pàá ti bi mí, pásítọ̀ ti bi mí,
àbúrò mi Bọ́dúnrìn gbóòórùn ẹnu mi
bí ẹni tó ń yẹ ẹran wò kó tó dúnàá dúrà.
Mo rí ìmọ́lẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè ọwọ́ òsì.
Kò pariwo, kò jó ewé,
ó funfun bí inú iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ.
Lẹ́yìn náà, ọwọ́ tí kò ní èékánná.
Lẹ́yìn náà, òtútù.
Ibi tí mo lè sọ ọ́ dé nìyẹn.
Ìyókù há mi bí eegun ẹja:
mi ò lè gbé e mì, mi ò lè bì í.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí.
Mo jẹ́rìí. Àwọn akọrin ń wo bàtà wọn.
Wọ́n mú mi lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ méje.
Òkè, ẹ gbọ́ o! Òkè náà ni wọ́n tún gbé mi lọ!
Dókítà kan ní Adó bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.
Kò ní irọ́ ni, kò ní òótọ́ ni,
ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó bi mí bóyá mo ń jẹun,
ó fún mi ní oògùn funfun kéékèèké.
Mo ń lò ó. Mo ń sùn díẹ̀.

Ní gáréèjì, Bàbá Òfurufú ni wọ́n ń pè mí.
"Ṣé wọ́n gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ, àbí ọ̀fẹ́ ni?"
Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín.
Ẹni tí kò bá bá wọn rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè ní wèrè.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gúnyán lójúlé kejì,
gbì, gbì, gbì, àyà mi á já.
Ìró tí mo fi etí ọmọdé gbọ́ dàgbà
ti di tiwọn. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Kí wọ́n mú wákàtí mẹ́ta, kò burú.
Kí ni wọ́n fẹ́ fi odó ìyá mi ṣe?

Morádéùn, ìyàwó mi, kò bi mí ní nǹkan kan
fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó kó ẹrù. Kò kó o.
Alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́,
mo tún wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń ṣọ́ òkè,
ó gbé ẹní jáde, ó jókòó tì mí,
ó fa etí ìró rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ mi,
kókó méjì, bí ẹni tó ń so ewúrẹ́.
"Èéti jẹ́?"
Ó ní, "Bí wọ́n bá tún dé, tèmi ni wọn yóò kọ́kọ́ tú.
Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá wọn sọ."

Kò ní òun gbà mí gbọ́. Mi ò bi í.
Ìlésanmí ni bàbá mi sọ mí.
Mo ti gbàgbé pé odindi gbólóhùn ni.

Mo ti padà sídìí ọkọ̀, ọ̀sán nìkan ni mo ń wà á.
Agogo ọwọ́ mi ṣì ń fi wákàtí mẹ́ta
rìn lẹ́yìn tàwọn èèyàn.
Morádéùn ní kí n tún un ṣe. Mo ní ó di ọ̀la.
Lálẹ́, a ń so kókó náà.
Òun ló sábà ń kọ́kọ́ sùn.
Èmi á máa wo òkè,
ìró á sì máa fa ọwọ́ mi, díẹ̀díẹ̀,
bó ṣe ń mí.